Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn tààrà: bí wọ́n ṣe ń to òòfà accelerator sójú ìlà

Ìbéèrè: Sọ́fíyọ̀ ni mí ní Kubwa, Abuja. Total station, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tí mo fi ń ka igun àti jíjìn lójoojúmọ́, ń ka igun dé sẹ́kọ́ńdì 2 (sẹ́kọ́ńdì igun 3600 ló wà nínú dígírì 1). Mo gbọ́ pé ní CERN, ibùdó ìwádìí fisíìsì ní ààlà Switzerland àti Faransé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òòfà LHC, accelerator tó ń mú patíkù (hóró kéékèèké inú átọ́ọ̀mù) sáré, ni wọ́n tò sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 27, tí ọ̀kankan kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìnípọn irun orí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìmọ́lẹ̀ wo ni wọ́n ń lò? Ṣé irú ẹ̀rọ tèmi yìí lè ṣe é, àbí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, sọ́fíyọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n mú apá kejì ìbéèrè yín ṣáájú, torí òun ló yá dáhùn. Total station yín lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, ìyẹn ìdajì tí wọ́n fi ń sàmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ òòfà kọ̀ọ̀kan máa dúró sí, tí wọ́n fi ń lu ihò bóòtì, tí wọ́n fi ń gbé òòfà dé ibi tó kù díẹ̀ kó tọ́. Tó bá ti ku mìlímítà kan tàbí méjì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò gba kọ̀ǹpútà: sẹ́kọ́ńdì 1 ní mítà 50 jẹ́ 0.24 mm, nítorí náà ẹ̀rọ oní-sẹ́kọ́ńdì 2 ti sọ ìdajì mìlímítà nù kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Irun orí kì í sábà nípọn ju 0.1 mm lọ. Ní ti jíjìn, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọ̀pọ̀ total station ni 2 mm pẹ̀lú 2 ppm (ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan jíjìn náà). Ẹ fi ppm yẹn sílẹ̀. 2 mm tó ṣáájú rẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní kí ẹ sáà lọ ra ẹ̀rọ tó ń ka ìdajì sẹ́kọ́ńdì, pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn, kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun méjì ló ń da iṣẹ́ yìí rú ju ojú ẹ̀rọ lọ. Èkíní, àárín òòfà tí ẹ fẹ́ tò kò ṣeé fojú rí. Èkejì, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń wò ó kì í rìn tààrà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹra fún méjèèjì yìí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ irun orí tí ẹ gbọ́ yẹn náà nílò àlàyé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń so traverse yín (ìlà ìwọ̀n tó ń lọ láti ojú dé ojú) mọ́ bíkọ́ọ̀nù (òpó àmì sọ́fíyọ̀), tí bíkọ́ọ̀nù náà sì ń tọ́ka padà sí L40 ní Minna, ojú tí ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rò pé òòfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà gẹ́lẹ́ níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wí, láti ìbẹ̀rẹ̀ kìlómítà 27 náà títí dé òpin. Rárá o. Bí gbogbo LHC bá jọ sún 5 mm síhà ìlà oòrùn lónìí, patíkù kankan kò ní mọ̀. Ohun tí patíkù mọ̀ ni òòfà kan tó yẹ̀ 0.3 mm sí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní LHC, ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ìlà náà dán: kí ìyẹ̀sí òòfà sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ má ju nǹkan bíi 0.1 sí 0.15 mm lọ láàárín mítà 150. Kódà òṣùpá ń fa ilẹ̀ lójoojúmọ́ débi pé àyíká kìlómítà 27 yẹn ń fẹ̀, ó sì ń sún kì, ní nǹkan bíi 1 mm. LEP, ẹ̀rọ tó lo ihò kan náà ṣáájú LHC, ni wọ́n ti rí i: agbára ọ̀wọ́ patíkù ń lọ sókè sódò tẹ̀lé òṣùpá. Ṣùgbọ́n ìlà òòfà kò wọ́, torí gbogbo wọn jọ lọ, gbogbo wọn jọ bọ̀.

Kí ló dé tí 0.3 mm fi ń dá wàhálà sílẹ̀? Òòfà olórí méjì, dipole, ló ń tẹ ọ̀nà patíkù kó lè yípo. LHC ní 1232 irú rẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 15, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 35. Wọ́n tóbi lóòótọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ló ń fìyà jẹni jù. Òòfà olórí mẹ́rin ni, quadrupole, tó ń kó patíkù jọ bí lẹ́ńsì ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí patíkù bá gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá, òòfà náà kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́, á tì í. Ká sọ pé òòfà kan ń kó patíkù jọ sí mítà 10 níwájú, tó wá yẹ̀ 0.3 mm: ó ti yí ojú ọ̀nà patíkù ní ìdá 30 nínú mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá rìn mítà 50 síwájú, láìsí ohun mìíràn tó dá sí i, patíkù ti fi 1.5 mm yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wá fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún òòfà sí i, kí kálukú máa tì í síbi tó wù ú. Òòfà kéékèèké tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára wọn níwọ̀n, kò sì yẹ kí ẹ fi wọ́n san gbèsè ẹni tó tò ó ní wíwọ́.

Ó wá ku ibi tí àárín òòfà wà. Ẹ lè fi kálípà wọn irin rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárín irin kì í ṣe àárín agbára òòfà dandan. Bí wọ́n ṣe to irin rẹ̀ àti bí wáyà bàbà ṣe yí i ká lè gbé àárín yẹn sún díẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù tí wọ́n fi ń wá a ni pé kí wọ́n na wáyà tín-ín-rín kan gba inú òòfà kọjá, kó le gbandi bí okùn gìtá, kí wọ́n wá rán iná sí i, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀n tí wáyà náà fúnra rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Bí wáyà kò bá sí ní àárín, òòfà á máa tì í, á sì gbọ̀n. Wọ́n á máa sún un díẹ̀díẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, títí yóò fi dákẹ́. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni àárín. Ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi to àwọn òòfà NSLS-II, accelerator tó wà níbẹ̀, sórí ìdábùú irin kan náà, kí wọ́n má bàa yẹ̀ sí ara wọn ju 30 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan.

Wọ́n kò lè máa na wáyà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà wọ́n á kó ìròyìn wáyà náà jáde síta ní yàrá ìwọ̀n. Ìtẹ́ kéékèèké mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn òòfà, níbi tí bọ́ọ̀lù onídígí lè jókòó sí. Wọ́n á wọn ibi tí wáyà wà sí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé òòfà náà. Ìtẹ́ mẹ́ta ti tó láti mọ ibi tí òòfà wà àti bó ṣe dojú kọ. Ẹ̀kẹrin ni ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún ń wá àárín mọ́, bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń wò. Bí kréènì bá gbé òòfà lọ, tí ìtẹ́ kan wá fara gbá ògiri, ẹlẹ́rìí ló máa tú àṣírí: jíjìn láàárín ìtẹ́ àti ìtẹ́ kò ní bá ti ìwé mu mọ́. Ẹ máa wọn jíjìn yẹn kí ẹ tó yí sikúrù kankan. Ọ̀pọ̀ ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á wá fi odindi ọjọ́ méjì to òòfà tí ìtẹ́ rẹ̀ ti wọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ béèrè, lésà ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní laser tracker, ọmọ ìyá total station yín sì ni: òun náà ń ka igun méjì àti jíjìn kan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń rán ìtànṣán sí bọ́ọ̀lù irin tí dígí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dúró ní igun 90 sí ara wọn bí igun yàrá, kí ìmọ́lẹ̀ lè padà gba ibi tó ti wá. Orí ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà bí ẹ ṣe ń gbé e rìn. Bọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní ínǹṣì 1.5, ìyẹn 38.1 mm, nítorí náà àárín rẹ̀ jìnnà ní 19.05 mm sí ohun tó bá fara kàn. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ 19.05 yẹn á kábàámọ̀. Tracker tó dára ń wọn jíjìn dé nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 10. Igun rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń kọ pé kò ní ju máíkírọ́ọ̀nù 15 lọ, pẹ̀lú 6 sí i fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i: jíjìn kì í bàjẹ́, igun ló ń bàjẹ́ bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi tracker wo ju mítà 10 sí 15 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà lè ríran dé ibi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbígbé bọ́ọ̀lù sínú ìtẹ́ dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Abuja, nígbà ọyẹ́, eruku á bo ìtẹ́ láàárín wákàtí kan. Hóró eruku kan ṣoṣo lábẹ́ bọ́ọ̀lù lè gbé e sókè ní 0.05 mm, ìyẹn ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n gbà yín láàyè. Ẹ fi aṣọ tí kì í ya òwú, tí ẹ ti fi sípíríìtì rin díẹ̀, nu inú ìtẹ́. Ẹ fi òmíràn nu irin bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi ìka kan dígí inú rẹ̀ láéláé, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ á ta sí i. Ẹ gbé e jókòó, ẹ yí i díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé ó ti wọlé, kí ojú dígí kọjú sí ẹ̀rọ. Ẹ kà á. Ẹ gbé e kúrò, ẹ dá a padà, ẹ tún un kà. Bí kíkà méjèèjì bá fi ju 0.02 mm lọ yàtọ̀ síra, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀ tàbí ìtẹ́ náà ti ń mì.

Ẹ̀yin náà sì mọ afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọ̀dà Kubwa, tí ẹ bá gbé ojú awò sí sítáàfù (ọ̀pá ìwọ̀n gíga), sítáàfù á máa jó. Èyí tó ń jó yẹn kọ́ ló léwu, torí ẹ rí i, ẹ lè ká irinṣẹ́ yín kúrò nílẹ̀. Èyí tó léwu ni èyí tí kì í jó: afẹ́fẹ́ inú ihò tó dákẹ́ rọ́rọ́, tó gbóná lókè tó tutù nísàlẹ̀, tí àwòrán inú awò mọ́ kedere, tí ìtànṣán sì ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, tó ki. Bí òkè bá gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tí ẹ ń wò á dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe wà lọ. Lórí títì ọ̀dà lọ́sàn-án, òdìkejì rẹ̀ ni.

Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan bí ó bá gbóná sí i ní dígírì 1. Ká wá ní ooru fi dígírì 1 yàtọ̀ láàárín mítà kan sókè, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n rárá nínú ihò tí wáyà iná àti gílóòbù wà lókè rẹ̀. Ní mítà 10, ìtànṣán ti yẹ̀ 0.05 mm. Ní mítà 50, 1.25 mm. Ní mítà 100, 5 mm. Bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, àṣìṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Kíkà á nígbà ọgọ́rùn-ún kí ẹ wá pín in kò wò ó sàn, torí ìgbà ọgọ́rùn-ún náà ló fi ń tẹ̀ síbì kan náà. Nọ́ńbà yín á bára mu dáadáa, gbogbo wọn á sì jọ pa irọ́ kan náà. Mo ti rí àwọn tí inú wọn dùn sí irú ìbáramu yẹn.

Ọgbọ́n tó wà ni pé kí ìlà ìwòye kúrú, kí ẹ máa gbé ẹ̀rọ sún lẹ́yìn mítà díẹ̀, kí ojú kọ̀ọ̀kan sì kó èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra. Kí ó kéré tán ibùdó mẹ́ta rí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn wá láti apá òdìkejì. Kí ìlà má gba ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí abẹ́ páìpù omi gbígbóná kọjá. Fáànù tó ń po afẹ́fẹ́ pọ̀ sàn ju afẹ́fẹ́ tó dúró ní ìpele ìpele lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá fẹ́ sára ẹ̀rọ. Ẹ so tẹmómítà mẹ́ta mọ́ ọ̀pá kan, ọ̀kan lórókún, ọ̀kan láyà, ọ̀kan lókè orí, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé igun òró èyíkéyìí.

Ní Stanford, ní SLAC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966, ohun mìíràn ni wọ́n ṣe: bí afẹ́fẹ́ bá ń dani láàmú, ẹ yọ afẹ́fẹ́ kúrò. Wọ́n gbé accelerator tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3 ka orí páìpù alumíníọ̀mù tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú páìpù náà jáde. Lésà wà ní ìpẹ̀kun kan, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà ní ìkejì. Láàárín wọn ni nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n dá ihò sí lára, lẹ́ńsì Fresnel, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dìde kó sì tún dùbúlẹ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n máa ń gbé dìde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ní ìpẹ̀kun. Bí ojú yẹn bá ti yẹ̀, ibi tí àwo náà dúró sí ló yẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ sọ́fíyọ̀ níbẹ̀ ni pé ìlà yẹn kò mọ nǹkan kan nípa lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ayé rí roboto: bí ẹ bá fa ìlà títọ́ láti ojú kan, ilẹ̀ á ti fi 0.8 mm lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní mítà 100, 78 mm ní kìlómítà 1, àti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 ní kìlómítà 3. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín ń tẹ̀ lé ayé; ọ̀wọ́ patíkù kò tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá sì rò pé lésà ló parí gbogbo rẹ̀, ẹ wo irinṣẹ́ bíríkìlà. Okùn àti rọ́bà omi tí wọ́n fi ń mọlé ní Nyanya wà ní CERN títí dòní. Okùn tí wọ́n nà láàárín òpó méjì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó látòkè, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò sì sí ooru tó lè tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà okùn ni wọ́n fi ń wo ìbú. Atẹ́gùn ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ máa fi nǹkan bò ó. Fún òró, wọ́n fi páìpù so ìkòkò omi kéékèèké pọ̀, nǹkan tó ń ka omi láì fara kàn án sì wà lórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, tó ń rí ìyípadà máíkírọ́ọ̀nù kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí patíkù ti ń kọlura ní LHC, àwọn méjèèjì ló ń ṣọ́ òòfà tọ̀sán tòru. Ibi tí rọ́bà bíríkìlà ti ń tanni ló ti ń tan àwọn náà: omi tó gbóná ń wú. Bí rọ́bà bá gun òkè sẹ̀ǹtímítà 10, tí apá kan gbóná ju ìkejì lọ ní dígírì 1, máíkírọ́ọ̀nù 20 ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ páìpù náà pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí omi kún un dé ìdajì péré.

Yíyí òòfà gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí òòfà jókòó lórí apá mẹ́fà tí sikúrù wà lára wọn: mẹ́ta dúró lóòró, méjì sí ìbú, ọ̀kan sí gígùn. Ẹ kọ́kọ́ mú títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò pẹ̀lú lẹ́fẹ́ẹ̀lì oní-nọ́ńbà, kí ó má ju ìdá 1 sí 2 nínú ẹgbàárùn-ún (10,000) lọ, ìyẹn 0.1 sí 0.2 mm lórí mítà kan. Ẹ wá mú gíga, lẹ́yìn náà ìbú, lẹ́yìn náà gígùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, torí èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn ti da èyí tí ẹ ṣe ṣáájú láàmú díẹ̀. Sikúrù tí eyín rẹ̀ fi 1.5 mm jìnnà síra máa ń gbé nǹkan ní 0.25 mm tí ẹ bá yí i ní ìdá kan nínú mẹ́fà òbíríkítí. Fún ìkẹyìn, bí ẹni pé ẹ kàn fara kan sípánà ni. Ẹ máa fi ìyípo wá sójú ibi kan láti apá kan náà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ti kọjá, ẹ padà sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ tún wá, torí àyè máa ń wà láàárín eyín sikúrù.

Nọ́ọ̀tì ìdè ló ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀. Òòfà ti tọ́, ẹ̀rọ ń fi òdo hàn, ẹnì kan wá dè é mọ́lẹ̀ gbagba, òòfà á sì fò ní 0.05 mm. Ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ ti máa dè é. Ẹ de nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà, ẹ dè é sí i, ẹ wò ó, kí ẹ sì wọn gbogbo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ó bá ti le pátápátá. Kíkà ìkẹyìn yẹn nìkan ló tọ́ láti kọ sínú ìwé.

Ooru kì í jẹ́ ti afẹ́fẹ́ nìkan. Irin mítà kan máa ń gùn sí i ní máíkírọ́ọ̀nù 12 fún dígírì 1, alumíníọ̀mù ní 23. Ẹsẹ̀ irin tó ga ní mítà 1.2, bí ó bá gbóná sí i ní dígírì 5 nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ti gbé òòfà sókè ní 0.07 mm. Kò burú bí gbogbo ẹsẹ̀ bá jọ gbóná. Ó burú bí ẹnì kan bá to ìdajì nígbà tí ihò tutù, tó to ìdajì tó kù lẹ́yìn tí iná ti jó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Tí irú iṣẹ́ yìí bá dé Abuja, ohun méjì ni ẹ máa kíyè sí ju bí wọ́n ṣe ń ṣe ní etí òkun lọ. Ìlú wa ga ní nǹkan bíi mítà 400 sí 500 sí òkun, nítorí náà ìwúwo afẹ́fẹ́ tí bàrómítà ń kà níhìn-ín wà ní àyíká 960 hPa, kì í ṣe 1013. Bí ẹ bá fi 1013 sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ppm 14: 0.4 mm ní mítà 30, 1.4 mm ní mítà 100. Ẹ má sì wo ojú ọjọ́ lórí fóònù kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ti yí padà sí ìpele òkun ni fóònù máa ń fi hàn. Ẹ ó rò pé ẹ ti ṣàtúnṣe, nígbà tí ẹ kàn dá àṣìṣe náà padà sípò. Bàrómítà tó wà nínú yàrá náà gan-an ni kí ẹ kà. Èkejì ni iná. Tracker nílò ó kéré tán wákàtí kan kí inú rẹ̀ tó gbóná dọ́gba. Bí wọ́n bá mú iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde, wákàtí yẹn tún bẹ̀rẹ̀. UPS lábẹ́ ẹ̀rọ kò wọ́n tó ọjọ́ iṣẹ́ kan.

Gbogbo accelerator kọ́ ló rí bíi LHC o. Èyí tó wà ní National Hospital l'Abuja níhìn-ín, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, lésà ara ògiri rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò ní ojú tí ìtànṣán ti pàdé ju 1 sí 2 mm lọ, gẹ́gẹ́ bí irú ìtọ́jú. Èyí kò kọjá agbára sọ́fíyọ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ fisíìsì ilé ìwòsàn ló ni iṣẹ́ náà. OAU n'Ífẹ̀ ní accelerator kan, tandem Pelletron oní-mílíọ̀nù fólítì 1.7. Irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, níbi tí ọ̀nà patíkù rẹ̀ bá ti tọ́, kò pọn dandan kó ní tracker. Awò ìtòlà lásán ti tó: ẹ so àmì àgbélébùú mọ́ àárín ẹnu páìpù ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹ yí awò títí òun àti àmì méjèèjì fi wà lójú ìlà kan. Àmì tó wà nítòsí ni kí ẹ máa fi sísún awò tẹ̀ lé, èyí tó jìnnà ni kí ẹ máa fi títẹ̀ awò tẹ̀ lé, ní àtúnṣe lẹ́sẹẹsẹ títí kò fi ní yẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá to ohun gbogbo tó wà láàárín wọn sójú ìlà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún awò tí lẹ́ńsì inú rẹ̀ kì í rìn tààrà bí ẹ bá ń yí i láti ìtòsí sí jíjìn. Yíyí awò ní ìdajì òbíríkítí kí ẹ tún kà á ló ń fi ìyẹn hàn, gẹ́gẹ́ bí ojú òsì àti ojú ọ̀tún tí ẹ máa ń kà.

Nínú ohun tí ẹ ti mọ̀, kíka ojú méjèèjì, traverse tó padà sílé, àti least squares (ìṣirò tó ń pín àṣìṣe káàkiri) ni ẹ máa gbé lọ síbẹ̀. Ohun tó kù láti kọ́ ni ìṣirò ní ìhà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, láì ya òró sọ́tọ̀ kúrò lára ìbú, àti ìwà mímú ooru ní ọ̀tá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí tó kẹ́yìn yẹn lọ́la pẹ̀lú total station yín. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọ̀dà tí ọkọ̀ kì í gbà, ẹ so àmì méjì mọ́ ògiri kan ní mítà 50, ọ̀kan ní ìdajì mítà sí ilẹ̀, ọ̀kan ní mítà 1.5, kí ẹ̀rọ má kúrò lójú kan láàárọ̀ títí di ọ̀sán, kí agboòrùn sì bò ó. Ẹ ka igun òró àwọn méjèèjì, ojú òsì àti ojú ọ̀tún, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ dé aago kan ọ̀sán, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra. Sẹ́kọ́ńdì 4 ló dọ́gba pẹ̀lú mìlímítà kan níbẹ̀. Àmì òkè á rìn díẹ̀. Ẹ kọ ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo iye mìlímítà tí ògiri tí kò kúrò lójú kan ti fi rìn.